Kí A Tó Dẹ Ajá sí Túùkú

Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Awùjalẹ̀, ilé àwọn ọmọ Alárè, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn títí ó fi kan igbó Omo, igbó ọba tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, tí àdúgbò J4 tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ sì wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ẹjọ́ túùkú lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá igbó: bí ó ti fi imú tú ebè, bí ó ti jẹ gbágùúdá, bí ó sì ti wọgbó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí nígbà tí ẹni tí ń túmọ̀ ìwé ọdẹ àwọn ará Amẹ́ríkà bá kọ “ẹlẹ́dẹ̀ igbó” sílẹ̀ fún gbogbo ẹran tó jọ ẹlẹ́dẹ̀, bí ẹni pé ahọ́n ọmọ Oòduà kúrú. Túùkú ni ẹran pupa inú igbó kìjikìji. Ìmàdò ni ti ilẹ̀ ọ̀dàn, èyí tí àwọn àgbà ń wí pé bí ó bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a ba ìlú jẹ́. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀: ẹran ilé ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí Hernando de Soto àti àwọn ará Sípéènì kó dé Florida ní ọdún 1539, tí àwọn kan sá lọ nínú àtọmọdọ́mọ wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ tó di ará igbó ni kí a máa pe ìyẹn, kí a má fi orúkọ túùkú ta á lọ́rẹ.

Oríṣi ajá méjì ni àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń kó lọ bá ẹlẹ́dẹ̀ yìí. Èkínní a máa gbóòórùn ẹran, a bá a, a yí i po, a sì máa gbó mọ́ ọn láìfi eyín kàn án, títí ẹran yóò fi dúró jà dípò kí ó sá. Mo pe èyí ní ajá akámọ́. Èkejì, abọ́rùn-kíki, ojú okùn ni ó máa ń wà títí àkókò yóò fi tó, tí yóò sì lọ bu etí ẹran jẹ, tí kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan lè fẹ́ pe èyí ní adìmú, ṣùgbọ́n orúkọ náà sún mọ́ Adímú, àgbà Ẹ̀yọ̀ l’Ékòó, àti àdìmú tí a ń gbé síwájú òrìṣà. N kò fẹ́ kí ajá pín nínú ọlá wọn. Agbámú ni mo yàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo jù ni ìgbà tí a óò fi agbámú sílẹ̀. “Tú” kò tó, nítorí okùn nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tó tú ajá lè máa tú u kí ó lọ ṣeré. “Dẹ” ni ọ̀rọ̀, òun náà tí ó bí ọ̀rọ̀ “ọdẹ” fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó dẹ ajá ti mọ ẹran tí ó dẹ ẹ́ sí. Bí ohùn àwọn akámọ́ bá ṣì ń rìn láti abẹ́ igi kan dé abẹ́ òmíràn, ẹran ṣì ń sá nìyẹn. Ẹni tó bá dẹ agbámú nígbà náà, ajá tí kì í gbó yóò lọ ibi tí etí olówó rẹ̀ kò dé, ajá tí yóò sọnù kì í sì í gbọ́ fèrè ọdẹ, òun nìkan ni yóò sì kojú eyín tó lè ya ìfun síta. Bí a bá sì pẹ́ jù, ó lè rẹ àwọn akámọ́, kí ẹran já àárín wọn lọ, kí ó sì ṣe wọ́n léṣe. Ìgbà tí ohùn bá dúró lójú kan, tí olówó ajá sì ti sún mọ́ ibẹ̀ tó láti sáré wọlé, ni kí ó dẹ. “Ohùn dúró” yìí ni mo fẹ́ kí a fi pe àkókò náà, nítorí etí ni ọdẹ fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Ìlò tiwa béèrè ìṣọ́ra kan sí i, nítorí ìbọn ni ọ̀pọ̀ ọdẹ Ìjẹ̀bú gbẹ́kẹ̀ lé. Bí agbámú bá ti wà létí túùkú, ìbọn gbọ́dọ̀ sùn, ọ̀bẹ ló kù. Ẹni tí kò bá ní ọ̀bẹ àti ẹni tí yóò di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹran mú, kí ó má dẹ ajá rárá. Lẹ́yìn èyí, igi pẹlẹbẹ tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń tì bọ ẹnu ajá kí ó lè já etí ẹran sílẹ̀, mo pè é ní ìlanu, bí àwọn ọdẹ Ìjẹ̀bú kò bá ti ní èyí tó dára jù ú lọ.