Ayálégbé Ni Wá Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká fi òwe yìí wo àwọn ohun tí à ń kà, tí a sì ń kó pamọ́ sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó ń kàwé a máa fi bébà há ibi tó bá a dé. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni Netscape pè ní búkúmáàkì nígbà tí ètò wọn tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì jáde lọ́dún 1994. Inú fáìlì kan ṣoṣo, nínú kọ̀ǹpútà ẹni gan-an, ni àwọn àdírẹ́sì náà ń wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, Ramanathan Guha àti Dan Libby, ní Netscape kan náà, gbé RSS jáde. Ṣé ẹ mọ fẹ́ńdọ̀ tó máa ń ju ìwé ìròyìn sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀ láràárọ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn: ohun tuntun ló ń wá èèyàn wálé. Lọ́dún 2000, UserLand, ilé iṣẹ́ Dave Winer, gbé OPML jáde, fáìlì tí aráyé wá ń lò láti to orúkọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba ìròyìn.

Lẹ́yìn náà làwọn onílé ńlá dé. Joshua Schachter dá Delicious sílẹ̀ lọ́dún 2003, kí èèyàn lè rí búkúmáàkì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yòówù. Google ṣí Reader ní oṣù kẹwàá ọdún 2005. Ọ̀fẹ́ ni! Èrò wọ́ wọlé.

Àfi bí onílé ṣe fún wọn ní nótíìsì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2013, Google kéde pé àwọn tó ń lò ó ti dín kù, pé Reader yóò kógbá sílé ní ọjọ́ 1 oṣù keje. Ẹni tó tètè fi OPML kó ẹrù rẹ̀ ríbi gbé e lọ. Delicious ńkọ́? Yahoo rà á lọ́dún 2005, ó tà á lọ́dún 2011. Nígbà tí Pinboard rà á lọ́dún 2017, kò sẹ́ni tó lè fi ohun tuntun kún un mọ́. Pocket, tí Mozilla rà lọ́dún 2017 yìí kan náà, ti ilẹ̀kùn ní oṣù keje ọdún 2025.

Àmọ́ ẹ wo nǹkan ìyanu. Wọ́n ti pa ètò Netscape tì láti 2008, síbẹ̀ bí ẹ bá kó búkúmáàkì yín jáde nínú Firefox tàbí Chrome lónìí, orúkọ Netscape ṣì wà lórí ìlà àkọ́kọ́ fáìlì náà. Ilé ńlá wó, fáìlì kékeré kò kú.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó wọ inú áàpù kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ilẹ̀kùn àbájáde rẹ̀. Ẹ máa kó fáìlì yín jáde lóṣooṣù. Ẹ sì rántí pé àdírẹ́sì lásán ló wà níbẹ̀; èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ da odindi rẹ̀ kọ pamọ́. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni là ń pè ní tẹni.