Bátìrì Laptop ní Agric: Ta Ni Wọ́n Ṣètò Rẹ̀ Fún?

Bí ẹ bá ti gbé Agric ní Ìkòròdú rí, ẹ mọ ariwo "Up NEPA!" tí àwọn ọmọdé máa ń pa bí iná bá dé. Láti 2005 ni NEPA ti di PHCN, ní 2013 wọ́n pín in tà fún àwọn aládàáni, ṣùgbọ́n ariwo kò yí padà. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ibùdó amúnáwá Egbin, alágbára mẹ́gáwáàtì 1,320, wà ní agbègbè Ìkòròdú wa níbí, létí ọ̀sà. Láti 1985 ló ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ orí wáyà gbogbo Nàìjíríà ni iná rẹ̀ ń gbà lọ. Kì í kọ́kọ́ yà sílé aládùúgbò.

Inú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bátìrì mi tó ti gbó ku ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo pa ìdérí laptop dé, mo sùn. Nígbà tí mo jí, ó ti kú pátápátá, ojú ìwé mẹ́rin tí n kò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ. Ìbínú ọjọ́ yẹn ló mú mi wádìí ẹni tó ṣètò nǹkan yìí.

Ní 1992, Intel àti Microsoft gbé APM jáde. BIOS, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà, ló ń pinnu ìgbà tí ojú rẹ̀ yóò ṣú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ní December 1996, Toshiba dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n gbé ACPI jáde, ìpinnu sì bọ́ sọ́wọ́ Windows àti irú rẹ̀. Oríṣi oorun ló wà o. Sleep ń fi iná díẹ̀ bọ́ RAM ní gbogbo òru. Hibernate ń kọ iṣẹ́ yín sínú dísìkì, ó sì ń pa iná. Ká ní Hibernate ni mo yàn ni!

Windows Vista mú Balanced àti Power saver dé ní 2007. Ní 2015, Windows 10 mú Battery saver wá, tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bó bá ku ìdá 20. Ìdá 20! Lójú tèmi, ẹni tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń dúró dè nílé ni wọ́n rò. Ní Agric, iná tó lọ ní aago méje alẹ́ lè má dé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láti May 2023 tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróò, ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí laptop kan?

Nítorí náà, bí iná bá ti lọ báyìí, mo ti tan Battery saver. Mo rẹ ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sílẹ̀, mo pa Wi-Fi. Ní Control Panel, lábẹ́ Power Options, mo ti yí pípa ìdérí dé sí Hibernate. N kì í sì gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì mọ́, nítorí ooru ń tètè sọ bátìrì lithium di arúgbó.

Àbúrò tí a jọ ń gbé yàrá ní ojú laptop mi ti ṣókùnkùn jù, kò jẹ́ kí òun ríran wo fíìmù. Mo ní kó lọ bá wọn sọ ọ́ ní Egbin.