"Ni", "Náà" àti "Ńkọ́": Ìtàn Òye Wọn nínú Gírámà Yorùbá àti ti Jàpáànù

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké inú èdè Yorùbá rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe dájú lè dákẹ́ lọ gbári nígbà tí olùdánwò bá bi í léèrè iṣẹ́ tí "ni" tàbí "náà" ń ṣe nínú gbólóhùn. Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀yìn ìtàn, nítorí òṣùwọ̀n èdè mìíràn ni a kọ́kọ́ fi wọn gírámà Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé gbólóhùn mẹ́rin wọ̀nyí yẹ̀ wò:

(1) Adé ń gbé Thomas Estate.
(2) Adé ni ó ń gbé Thomas Estate.
(3) Adé náà ń gbé Thomas Estate.
(4) Ní ti Adé, Thomas Estate ni ó ń gbé.

Àdúgbò kan ṣoṣo, ní Ajah, ní Etí-Ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ̀rọ̀ bá. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó lè dípò èkejì. Ìròyìn lásán ni ti àkọ́kọ́. Èkejì ń dáhùn ìbéèrè náà, "Ta ni ó ń gbé Thomas Estate?" Ó mú Adé, ó sì yọ àwọn ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀kẹta fi hàn pé a ti mọ ẹlòmíràn tí ó ń gbé ibẹ̀, a wá fi Adé kún un. Ó sì tún lè túmọ̀ sí Adé tí a ti dárúkọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni a máa ń gbọ́ nígbà tí ẹnì kan bá béèrè pé, "Adé ńkọ́?" Orúkọ Adé ti wà lórí ahọ́n tẹ́lẹ̀, ibùgbé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun. Iṣẹ́ àwọn wúnrẹ̀n yìí, nígbà náà, ni láti ya ohun tí sọ̀rọ̀-sọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ ti jọ mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú wá.

Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ó sì mú gírámà jáde pẹ̀lú rẹ̀ ní 1852. Ní 1858, T. J. Bowen, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ribiribi ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, fún àwọn tí ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní àyè fún olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀. Kò ní àyè fún ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti ka "ni" sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bẹ́ẹ̀, "gbé" ti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn (2). "Ti" tàbí "yóò" kò lè ṣáájú "ni" yìí, "kò" kì í sì í yí i sódì. "Adé kọ́ ni ó ń gbé ibẹ̀" ni Yorùbá ń wí.

Irú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànù rí. Láàárín 1604 sí 1608, João Rodrigues, àlùfáà ará Pọtogí, tẹ gírámà èdè náà jáde ní Nagasaki lórí òṣùwọ̀n Látìn. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ onílẹ̀ fi etí ara wọn gbọ́ èdè wọn. Motoori Norinaga, nínú àtẹ tí ó ṣe ní 1771, rí i pé "wa" àti "mo" ń ṣiṣẹ́ lórí bí gbólóhùn ṣe ń parí, ó sì tò wọ́n pọ̀ sí ọ̀wọ́ kan. Ní 1908, Yamada Yoshio tún ya irú wọn sọ́tọ̀ nínú ìwé gírámà rẹ̀. Ní 1960 ni Mikami Akira, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, sọ ìwé rẹ̀ ní "Zō wa hana ga nagai". Ní Yorùbá, èyí ni "Ní ti erin, imú rẹ̀ gùn." Imú ni ó gùn, erin kàn jẹ́ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ni. Mikami ní kí a yọ "olùwà" àwọn òyìnbó kúrò nínú gírámà Jàpáànù. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà fún un, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Kí olùkọ́ má ṣe wá rò pé "wa" ni "ni". "Wa" bá "ní ti" ṣe déédéé, "mo" sì bá "náà" tí a fi ń fi kún ṣe déédéé: "Tarō mo kuru" ni "Tarō náà ń bọ̀." Ìjókòó "wa" gan-an ni "mo" máa ń gbà. "Ni" ní tirẹ̀ sún mọ́ "ga" tí a fi ń dáhùn ìbéèrè. Bí Yorùbá ṣe ń wí pé "ta ni", "dare ga" ni ará Jàpáànù ń wí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ gírámà rẹ̀ jáde ní 1966. Ní 1978, Ọládélé Awóbùlúyì wí pé àpólà-orúkọ ni ìhun oní-"ni" jẹ́, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, èkejì ní 1990. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ rọrùn láti fi Yorùbá jiyàn lórí Yorùbá. "Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́" tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nínú ìdánwò lónìí jẹ́ ara èrè iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ìdánwò nìkan. Ní àwọn àdúgbò bí Thomas Estate, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ mìíràn kọ́kọ́ ń gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì lè fi títẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ ya ọ̀rọ̀ tuntun sọ́tọ̀. Ní Yorùbá, ohùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lára ọ̀rọ̀, nítorí náà "ni" ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí a bá bi ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, "Ta ni ó fọ́ àwo?" tí ó sì dáhùn pé, "Adé fọ́ àwo," ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò bá ìbéèrè mu. "Adé ni" ni ó yẹ kí ó wí. Bákan náà, "Èmi ni" àti "Èmi náà" ló tọ̀nà; "Mo ni" àti "Mo náà" kò bá ìlànà mu, nítorí pé arọ́pò-afarajorúkọ ni wúnrẹ̀n wọ̀nyí ń bá rìn.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní gbólóhùn oní-"ni" tàbí oní-"náà", kí ó tó wá orúkọ tí a ń pe wúnrẹ̀n inú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ìbéèrè tí gbólóhùn náà ń dáhùn.