Ẹni Tó Lọ Pẹ̀lú Ẹrù: Òfin, Olùdìbò àti Fífi Ẹgbẹ́ Sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Ifẹ́dayọ̀ Abégúndé, tí ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ mọ̀ sí Abena. Ẹgbẹ́ Labour ló gbé e wọlé ní ọdún 2011 láti ṣojú Àríwá àti Gúúsù Àkúrẹ́ nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, kò sì pẹ́ tó débẹ̀ tó fi bọ́ sínú ẹgbẹ́ ACN. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ìjà ti pín ẹgbẹ́ Labour sí méjì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti pé òfin gba ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pín láyè láti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn adájọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìpínyà tí òfin ń wí ni èyí tó kan ẹgbẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè débi tí kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́, kì í ṣe aáwọ̀ inú ìpínlẹ̀ kan. Àga bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a wo ọjọ́ tí ìdájọ́ bọ́ sí: ó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ilé aṣòfin náà tú ká. Kò sí àkókò mọ́ fún àwọn ará Àkúrẹ́ láti yan ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, Abégúndé ti di Akọ̀wé Ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ gómìnà Rótìmí Akérédolú.

Èrò mi ni pé ìbéèrè tí òfin ń bi ẹni tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí olùdìbò ń bi í. Òfin ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ pín. Olùdìbò, bí mo ṣe rí i nínú ìtàn Àkúrẹ́ àti Oǹdó láti ọdún 1983, ń béèrè bóyá ẹni tó ń lọ dá ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ padà kó tó lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ò tíì rí ọ̀rọ̀ yìí yanjú. Ní Kánádà, kò sí òfin àpapọ̀ tó ní kí aṣòfin tó bá sọdá fi àga sílẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2006 ni David Emerson wọlé lórúkọ ẹgbẹ́ Liberal ní Vancouver. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló di mínísítà nínú ìjọba Conservative ti Stephen Harper. Àwọn tó dìbò fún un fapá jánú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Kò dupò náà mọ́ ní 2008. Ìpínlẹ̀ Manitoba níbẹ̀ tilẹ̀ ṣòfin pé kí aṣòfin tó bá kúrò lẹ́gbẹ́ máa jókòó láìní ẹgbẹ́ títí ìdìbò mìíràn yóò fi dé, àmọ́ wọ́n fagi lé òfin náà ní 2018.

Tiwa ní Oǹdó ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Akin Ọmọ́boríowó ni igbákejì gómìnà Adékúnlé Ajásin nínú ẹgbẹ́ UPN, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí NPN, ó sì dupò gómìnà sí ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983. FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé. Iná sọ ní Àkúrẹ́, ó ràn dé àwọn ìlú mìíràn; ilé jó, ẹ̀mí sì ṣòfò, títí kan ti Ọláìyá Fágbàmígbé, gbajúmọ̀ òǹtẹ̀wé ará Àkúrẹ́. Ilé ẹjọ́ dá Ajásin padà sípò, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i.

Títí dòní, àwọn tó bá fẹ́ sọ pé ará Oǹdó kò gba ọ̀dàlẹ̀ láyè, ọdún 1983 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ọmọ́boríowó lọ bá àwọn ènìyàn, ó ní kí wọ́n dìbò fún òun nínú ẹgbẹ́ tuntun. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni, ìtàn ọkùnrin tó dupò tí kò rí i mú ni à bá máa sọ. Ohun tó mú kí wọ́n gbé epo bẹntiróò jáde ni pé FEDECO yí èsì tí àwọn olùdìbò fún un padà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀rí mi ni Olúṣẹ́gun Mímikò, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, tí wọ́n ń pè ní Ìrókò. Kọmíṣọ́nà ètò ìlera ni lábẹ́ gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì nínú ẹgbẹ́ AD. Ó lọ sí PDP, ó di Akọ̀wé Ìjọba fún gómìnà Olúṣẹ́gun Àgágù ní 2003, ààrẹ Ọbásanjọ́ sì sọ ọ́ di mínísítà ní 2005. Ní 2006 ó kọ̀wé fipò mínísítà sílẹ̀, ó sì gba inú ẹgbẹ́ Labour lọ, ẹgbẹ́ tí kò ní gómìnà kankan nígbà náà. Ó dupò gómìnà sí Àgágù ní 2007, ṣùgbọ́n Àgágù ni wọ́n kéde. Mímikò gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2009 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin dá a láre, wọ́n sì búra fún un lọ́jọ́ kejì. Ní 2012 ó tún wọlé pẹ̀lú ìbò 260,199. Ẹgbẹ́ mẹ́ta láàárín ọdún díẹ̀! Síbẹ̀ àwọn tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀ kò pọ̀ tó láti dí i lọ́nà. Ọwọ́ òfìfo ló fi wá sọ́dọ̀ olùdìbò.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mímikò gbé gbogbo ìjọba tí Labour fi wọlé lọ sínú PDP. Ẹ ti mọ bí irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: wọ́n á ta kánópì, àwọn obìnrin á wọ ankárá ẹgbẹ́jọdá, alága ẹgbẹ́ á di gbohùngbohùn mú, á máa ka iye ẹgbẹ̀rún tó tẹ̀lé ọ̀gá wọlé. Tó bá jẹ́ APC ni, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ tuntun lé àlejò lọ́wọ́, á nà án sókè fún àwọn oníkámẹ́rà. Ìyálọ́jà tó tò nínú oòrùn tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lè wà lábẹ́ kánópì náà, ó lè má sí níbẹ̀; kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ohunkóhun.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, Buhari ti APC fi ìbò 299,889 borí Jonathan ti PDP tó ní 251,368 ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Eyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́, ẹni tí Mímikò fà kalẹ̀ fún ipò gómìnà, pàdánù. Mi ò ní ru gbogbo rẹ̀ lé ìsọdá orí. Atẹ́gùn Buhari fẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní 2015, Jimoh Ibrahim sì bá Jẹ́gẹ́dẹ́ fa tíkẹ́ẹ̀tì PDP dé ilé ẹjọ́ títí ìdìbò fi kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ sọ sí ti 2019? Mímikò fúnra rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ ZLP nígbà yìí, dupò sẹ́nétọ̀ ní Àárín Gbùngbùn Oǹdó, níbi tí Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó jọ wà, kò sì rí i mú.

Agboọlá Àjàyí ṣe tirẹ̀ ní wàràwàrà. Igbákejì Akérédolú ni. Ó kúrò ní APC lọ sí PDP ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Jẹ́gẹ́dẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oṣù Keje. Ní oṣù Kẹjọ ó ti wà ní ZLP. Ní gbogbo àsìkò yìí, ipò igbákejì gómìnà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé aṣòfin fẹ́ yọ ọ́, 9 nínú àwọn 26 kọ̀ jálẹ̀, iye tó kù kò sì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá Atiku Abubakar láre ní 2007 pé igbákejì ààrẹ tó yí ẹgbẹ́ padà kò pàdánù ipò rẹ̀ ni ọ̀nà kóòtù ti dí. Olùdìbò ló dáhùn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá: ìbò 69,127, kò sì borí ní ìjọba ìbílẹ̀ kankan nínú 18, títí kan Ẹṣẹ̀-Odò tó jẹ́ tirẹ̀. PDP tún fà á kalẹ̀ ní 2024. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló bọ́ sọ́wọ́ Lucky Ayédatiwá ti APC. Ẹgbẹ́ ló tètè máa ń gbàgbé.

Níbo ni òfin wá wà? Abala 68 àti 109 ìwé òfin ọdún 1999 mú aṣojú-ṣòfin, sẹ́nétọ̀ àti aṣòfin ìpínlẹ̀. Abẹnugan ilé tàbí ààrẹ ilé aṣòfin àgbà ló sì yẹ kó kéde pé àga ṣófo, ẹni tó sábà máa ń jẹ́ pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ni àlejò ń wọ̀. Gómìnà ńkọ́, ẹni tí owó ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí gbólóhùn kan tó bá a wí. Ìdí nìyí tí gómìnà Delta, Akwa Ibom àti Enugu fi lè wọ APC ní 2025 láìbẹ̀rù.

Ohun tí mo dábàá kò le. Kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún abala 180: gómìnà tó bá yí ẹgbẹ́ padà ti fipò sílẹ̀, kí ìdìbò sì wáyé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí òun náà láǹfààní láti dupò nínú ẹgbẹ́ tuntun. Àwọn kan á ní owó ìdìbò pọ̀, àti pé a óò kàn tún ṣí ọjà dìbò-kóo-sebẹ̀ ni. Mo gbà pé ọjà náà burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìbò lẹ́ẹ̀kan, tó wá gbé e lọ fún ẹgbẹ́ mìíràn láìsan kọ́bọ̀ kún un, kí la fi dá òun dúró? Ní ti owó, ìdájọ́ ọdún 2009 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ Oǹdó máa dìbò gómìnà lọ́tọ̀, kò sì tíì tìtorí ẹ̀ di ahoro. Ká ní Mímikò ti fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, tó fi agboòrùn PDP lé èjìká, tó padà wá bẹ àwọn ará Oǹdó, mo rò pé ì bá wọlé.