Ta Ni Ó Ń Sanwó Kí Òṣìṣẹ́ Tó Mọ Iṣẹ́?



Níjọ́sí ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan mú àròkọ wá bá mi. Orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni bí ètò kíkọ́ òṣìṣẹ́ ní ìmọ̀ àti ọgbọ́n iṣẹ́ ṣe ń yí padà. Ìwé náà gùn. Ó mẹ́nu ba kọ̀ǹpútà, ó mẹ́nu ba owó oṣù, ó mẹ́nu ba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì tún fò lọ sí Japan àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo kà á tán, n kò lè sọ ohun tí ó fẹ́ kí n gbàgbọ́. N kò bá a wí, nítorí irú rẹ̀ ni èmi náà kọ nígbà tí mo wà ní ipò rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olùkọ́ mi kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tèmi: “Kí ni o ń sọ gan-an?” Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Mo gba akẹ́kọ̀ọ́ náà níyànjú pé kí ó wá ìbéèrè kan tí kò tóbi, tí ó sì lè bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin rẹ̀. Mo dábàá ọ̀kan fún un: ta ni ó ń sanwó kí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́? Ìtàn ilẹ̀ wa ni mo fẹ́ fi dán ìbéèrè yìí wò níhìn-ín.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Leonard Nadler, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó sọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ètò yìí di gbajúmọ̀ láàrin 1969 sí 1970. Ó pín in sí mẹ́ta: ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ́jọ́ iwájú, àti ẹ̀kọ́ tí ń mú ènìyàn dàgbà láìso mọ́ iṣẹ́ kan pàtó. Ìpín náà wúlò, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni ó jẹ́ tuntun. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti wà kí wọ́n tó bí Nadler.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ìdílé ni ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa ti orí iná fífẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìdílé Àyàn a máa ti orí ìlù kékeré bẹ̀rẹ̀. Owó kì í jáde, nítorí pé ti ìdílé ni ohun tí ọmọ bá ṣe. Nígbà tí àwọn iṣẹ́ tí kò ní ìdílé dé, irú bíi télọ̀, káfíńtà àti mẹkáníìkì, ó di dandan kí òbí mú ọmọ lọ bá ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Ibẹ̀ ni àdéhùn ti wọlé. Òbí yóò san owó fún ọ̀gá, ọmọ yóò sì lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ rẹ̀: yóò máa gbálẹ̀, yóò máa jíṣẹ́, yóò sì máa wojú iṣẹ́. Ní ìparí, ẹbí yóò tún náwó fún fúrídọ́ọ̀mù, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Archibald Callaway, tí ó ṣe ìwádìí nípa irú àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, kọ̀wé nípa wọn nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1964. Ètò ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ni ó pè é. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ó sanwó: òbí fi owó san, ọmọ sì fi agbára àti ọdún ayé rẹ̀ san.

Ìyípadà ńlá dé ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ láti 1952. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lé díẹ̀ ní 450,000. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò sanwó. Owó orí wà lára ohun tí ó gbé ètò náà ró, inú àwọn tí ń san án kò sì dùn. Nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC na ẹgbẹ́ Action Group mọ́lé ara rẹ̀. Ìkùnsínú nípa owó orí náà wà lára ohun tí ó fà á. Síbẹ̀, wọn kò jáwọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní 1955, gbogbo agbègbè náà gba iṣẹ́ òbí ṣe.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn jù rèé. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, nítorí náà àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé jáde ní 1960. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kò tó wọn. Ọ̀pọ̀ wọn padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn òbí tí ó sì ti san owó orí nítorí ìwé tún wá owó àdéhùn nítorí iṣẹ́.

Ní ọdún 1960 kan náà ni ìgbìmọ̀ Sir Eric Ashby jábọ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Àkọlé àbọ̀ náà fi yé wa pé owó tí a ná sórí ẹ̀kọ́, owó ìdókòwò ni. Frederick Harbison ni ó bá wọn ṣírò iye òṣìṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè yóò nílò, ṣùgbọ́n àwọn onípò gíga àti ti àárín ni ó kà. Ọmọ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ní Ìbàdàn kò sí nínú ìṣirò náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan agbanisíṣẹ́. Òfin kẹtàdínláàádọ́ta ti ọdún 1971 dá Industrial Training Fund sílẹ̀: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáwó sínú àpò kan, ẹni tí ó bá sì kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè gba díẹ̀ padà. Ní 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, èyí tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde ìwé. Àtúnṣe òfin náà ní 2011 sọ pé ilé iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí ó fi ń san òṣìṣẹ́ lọ́dún. Láàrin méjèèjì, ní 1986, ìjọba dá àjọ NDE sílẹ̀ nítorí àìríṣẹ́ṣe, àjọ náà sì ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ padà kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí ìṣirò ọdún 1960 kò kà.

Kí ni gbogbo èyí wá ń sọ? Àwọn ìwé a máa tò ó bí ẹni pé ètò kan kú kí òmíràn tó jí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìjọba wọlé, agbanisíṣẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ẹbí kò jáde rí. Ọ̀gá télọ̀ tí ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì kò sí lára àwọn tí òfin ní kí ó dáwó, kò sì sí àpò tí yóò dá owó padà fún ìyá tí ó sanwó àdéhùn. Ẹni tí ó bá kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí láì mẹ́nu ba ìyá náà, ó fi ẹni tí ó ń sanwó pẹ́ jù lọ sílẹ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, akẹ́kọ̀ọ́ náà wo ìwé rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá ju gbogbo Japan yìí nù?” Mo ní kí ó tọ́jú rẹ̀ fún àròkọ mìíràn. Ó mú ọdún 1955 sí 1971 nìkan, ó fi ìbéèrè rẹ̀ ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sì ń bi ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó dáhùn ìbéèrè náà. Èyí tí kò bá dáhùn, ó yọ ọ́. Ìwé náà kúrú sí ìdajì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, mo mọ ohun tí ó ń sọ.