Ẹ̀dùn Àdúgbò Níwájú Káńsù: Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí CDA, ni ọ̀nà pàtàkì tí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ń gbà gbé ẹ̀dùn wọn dé káńsù. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè ni àdúgbò náà wà. Ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó dá káńsù ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀, Itire-Ikate àti Coker-Aguda sì jáde lára Súrùlérè.

Gọ́tà, títì àdúgbò, ọjà àti kíkó ìdọ̀tí wà lára iṣẹ́ tí òfin ìpìlẹ̀ 1999 gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Bí ìpàdé onílé àti ayálégbé bá ti fẹnu kò, akọ̀wé á kọ lẹ́tà sí alága káńsù. Wọ́n á ní kí káńsù lu ẹ̀dà kan lóǹtẹ̀, nítorí ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí bí lẹ́tà bá sọnù. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ló yẹ kó tẹnu mọ́ ọn nílé ìgbìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni kánáà ńláńlá, LAWMA, àjọ ìpínlẹ̀ náà, sì ń bójú tó ìdọ̀tí. Ìnira gidi nìyí fún ẹni tí àgbàrá ń ya wọ yàrá rẹ̀: káńsù lè gba lẹ́tà rẹ̀ láìní agbára lórí iṣẹ́ náà. Ní ti owó tí káńsù fi ń ṣiṣẹ́, ní oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí àpò wọn tààrà.