Gbòǹgbò Àtà: Ìwádìí Pákò ní Yunifásítì Ifẹ̀, 1971 sí 1979

Ní Agége, ìtí pákò àti ọṣẹ ìfọyín jọ ń wà lọ́jà ni. Ìkẹjà tí kò jìnnà síbẹ̀ ni May & Baker, ilé-iṣẹ́ apòògùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1944, fi ṣe ibùjókòó. Ó rọrùn láti rò pé àṣà lásán ni ti pákò, pé ọ̀dọ̀ apòògùn nìkan ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ lórí gbòǹgbò àtà kò gbe èrò yìí lẹ́yìn.

Igi ẹlẹ́gùn-ún ni àtà. Fagara zanthoxyloides ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é nígbà náà. Zanthoxylum ni wọ́n kà á mọ́ báyìí. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ta lẹ́nu, a sì mú ahọ́n kú díẹ̀. Ní 1971, el-Said, Fadulu, Kuye àti Sofowora tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí bí pákò ṣe ń pa bakitéríà. Omi tí kíkan rẹ̀ kì í yí padà ni wọ́n fi yọ oje pákò. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ẹnu ènìyàn kì í wà ní ipò kan: a máa kan lẹ́yìn oúnjẹ aládùn, itọ́ a sì dá a padà.

Nínú irú ìdánwò yìí ni wọ́n ti ṣàkíyèsí pé oje àtà kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú àwo pàdánù àwọ̀ pupa rẹ̀. Lọ́dún kan náà, Sofowora àti Isaacs kọ̀wé pé ó ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé padà sípò. Òkìkí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wá bo ọ̀rọ̀ eyín mọ́lẹ̀.

Ní 1979 ni Odebiyi àti Sofowora dárúkọ àwọn èròjà náà nínú Planta Medica: canthin-6-one, chelerythrine, àti berberine aláwọ̀ ìyeyè. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé pH 7.5 ni berberine àti chelerythrine ti lágbára jù, nígbà tí àwọn ásíìdì fínọ́ọ̀lì inú gbòǹgbò kan náà lágbára jù ní pH 5. Ibi tí agbára ọ̀kan ti dín kù ni èkejì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń rún gbòǹgbò lódindi kò mọ orúkọ wọn, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ju èròjà kan ṣoṣo tí wọ́n yọ sínú ìgò lọ.

Ìṣòro tó kù wà nínú igbó. Gbòǹgbò ni wọ́n ń wú, kì í ṣe ẹ̀ka, igi tí wọ́n bá sì wú gbòǹgbò rẹ̀ tán kò ní hù mọ́.